Lọ́yà Tí Kì í Ṣe Ẹjọ́ Ilẹ̀

Nígbà tí wọ́n gba ipò súpáfáísọ̀ lọ́wọ́ Fàlílátù, wọn ò sọ pé àwọn gbà á. Wọ́n ní àwọn ò fún un rí ni. Ọ̀gá Mojúbàolú, mánéjà ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe korobá rọ́bà ní Industrial Estate Ìkòròdú, fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún un pé adelé lásán ló ti ń ṣe bọ̀, pé adelé kì í ṣe oyè, àti pé àwọn ti wá rí ẹni tí ipò náà tọ́ sí. Ó ní kó bọ́ kóòtù búlúù tó wà lọ́rùn rẹ̀ sílẹ̀. Kóòtù búlúù ni ti súpáfáísọ̀, búráùn ni ti àwọn tó kù. Fàlílátù bọ́ ọ, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì. Kó tó di ọ̀sán, ó rí kóòtù náà lọ́rùn Saheed. Apá rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́ ọmọkùnrin náà.

Fàlílátù ló kọ́ Saheed níṣẹ́. Lọ́jọ́ tí Saheed kọ́kọ́ dé, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló lọ dúró sí, ó ń wá ibi tí korobá yóò gbà jáde. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Nígbà tí ojú àwọn méjèèjì pàdé, ó wolẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, àwọn ni wọ́n ní kí n wọ̀ ọ́." Fàlílátù ní kò burú. Irọ́ ló pa. Ó burú, ó sì dùn ún wọ egungun. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń wọ kóòtù yẹn. Ó ti ya fọ́tò nínú rẹ̀, fọ́tò náà sì wà lára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó yà lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ kan péré ló gbé Saheed dé ipò. Lọ́dọọdún ní Ìkòròdú, ọjọ́ kan ń bẹ tí Orò máa ń jáde lójú ọ̀sán. Ìséde ni wọ́n ń pè é. Obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà. Ó ń ti ilẹ̀kùn, ó ń ti fèrèsé, ó ń jókòó sínú ilé títí wọ́n á fi ní ó tó. Ọkùnrin ń lọ, ọkùnrin ń bọ̀, kò kàn án. Lọ́jọ́ ìséde tó kọjá, Fàlílátù wà nílé bíi gbogbo obìnrin ìlú, Saheed sì bá a dúró sídìí iṣẹ́. Ní ìparí ọdún, ilé-iṣẹ́ wá sọ pé Saheed ni wọ́n rí tó ń wá síbi iṣẹ́ déédéé.

Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan pé nítorí pé obìnrin ni. "Wíwá síbi iṣẹ́ déédéé" ni wọ́n kọ. Ọ̀gá Mojúbàolú kọ́ ló máa kọ irú èyí tí wọ́n á fi mú un. Ìkẹjà ló ń gbé. Àárọ̀ ló ń dé, ìrọ̀lẹ́ ló ń padà, fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀ kì í sì í sí. Gbogbo ọdún tó ti fi ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú, kò tíì bi ẹnikẹ́ni pé irú ìlú wo lòun wà.

Fàlílátù pinnu pé òun yóò wá lọ́yà.

Lọ́yà kò wọ́n ní Ìkòròdú. Ní àdúgbò Benson nìkan, pátákó lọ́yà pọ̀ ju ti aránṣọ lọ. Ohun tí Fàlílátù kò mọ̀ ni pé ẹjọ́ ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe. Ilẹ̀ ló ń bọ́ wọn, òun ló ń rán ọmọ wọn níléèwé. Ẹni tí kò bá ti bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀, wọn kì í tètè lóye ohun tó wá ṣe lọ́dọ̀ wọn.

Lọ́yà Adéòjó ló kọ́kọ́ lọ bá, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta táyà. Lọ́yà náà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń mi orí. Nígbà tó parí, ó fa ìwé kan jáde.

"Ẹ ṣeun, mà. Ibo ni ilẹ̀ náà wà?"

"Kò sí ilẹ̀ ńbẹ̀, sà. Ipò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ yẹn, orí ilẹ̀ ló wà àbí lófuurufú?"

Fàlílátù ní orí ilẹ̀ ni.

"Ilẹ̀ ìdílé ta ni?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ẹ lọ wádìí. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín. Tí ó bá lè jẹ́ tiyín, ká kúkú gba gbogbo ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá ti gba ilé-iṣẹ́ tán, ẹ lè fi ara yín jẹ súpáfáísọ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó rí ló sọ. Fàlílátù dúpẹ́, ó sọ̀kalẹ̀. Bó ti ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá bàbá òun àgbà ti dáko ní apá ibẹ̀ rí, ojú sì tì í nígbà tó bá ara rẹ̀ nídìí ìrònú bẹ́ẹ̀.

Obìnrin ni èkejì. Bárísítà Ìbídùnní ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkòròdú ni, ó sì mọ ìwà àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Bí Fàlílátù ti ń sọ̀rọ̀ ni inú ń bí i. Ó lu tábìlì. Ó ní ìyà obìnrin ti tó gẹ́ẹ́, pé òun yóò pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó mú bírò, ó ń kọ, ó ń bi í ní ìbéèrè, títí tó fi kan ìdí tí Fàlílátù kò fi lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Ìséde ni, mà."

Bárísítà gbé bírò sílẹ̀.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé obìnrin ni mí," ó ní. "Mo fẹ́ dúró níwájú adájọ́ kí n máa ròyìn Orò? Màmá mi á gbọ́ kí n tó délé."

"A ò ní í ròyìn ẹ̀, mà. Ẹ kàn máa dárúkọ ẹ̀ ni."

"Dídárúkọ ẹ̀ náà ni mò ń sọ." Ó tún mú bírò. "Tá a bá sọ pé òjò ni ńkọ́? Ká kọ ọ́ pé òjò ńlá ló dá yín dúró."

"Gbogbo ọkùnrin ilé-iṣẹ́ ló lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Òjò kì í rọ̀ lé obìnrin nìkan lórí."

Bárísítà Ìbídùnní pa ìwé náà dé. Ó gbà pé òótọ́ ni. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé tó bá ní ọ̀ràn ilẹ̀, kó má gbàgbé òun.

Ìyá ọkọ Fàlílátù ló wá mú ọ̀rọ̀ ọ̀hún débi tó dé. Àlhájà Ṣẹ̀rífátù ń ta ẹja yíyan, Ẹ̀pẹ́ ló sì ti máa ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o bọ̀ láti ọ̀sà. Obìnrin tó lágídí ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bọ́ kóòtù lọ́rùn ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni kò ti gbé korobá ilé-iṣẹ́ náà pọn omi mọ́, garawa onírin ló padà sí, àwọn ọmọ ilé sì ń sunkún nítorí ó wúwo. Lọ́jọ́ kan, ó ti Ẹ̀pẹ́ dé, ó ní àwọn oníbàárà òun ń sọ̀rọ̀ lọ́yà kan níbẹ̀ tó gba obìnrin kan padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lé e nítorí pé ó lóyún.

"Ìyàwó, mo bi wọ́n léèrè ilẹ̀," ni Àlhájà wí. "Wọ́n ní kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gba ilẹ̀ bàbá wọn mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó kórìíra ẹjọ́ ilẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, Fàlílátù wọ ọkọ̀ tó gba Ìtòkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọ́fíìsì Lọ́yà Oríyọmí kò jìnnà sí ọjà ẹja, òórùn ẹja sì ti wọ inú gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀. Àgbàlagbà ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó sì ní ìwà kan: tó bá bi èèyàn ní ìbéèrè tán, yóò di ojú títí ẹni náà yóò fi dáhùn. Fàlílátù kọ́kọ́ rò pé ó ti sùn.

"Ọmọ mi, kí lo fẹ́ gan-an?" ó bi í, ó sì dijú.

"Ipò mi ni mo fẹ́, sà. Kóòtù mi ni mo fẹ́."

"O ò fẹ́ kí wọ́n tọrọ àforíjì?"

"Kí wọ́n fún mi ní kóòtù mi ná."

Lọ́yà la ojú. Ìdáhùn yẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ka ìwé tí ilé-iṣẹ́ kọ, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbé e síwájú Fàlílátù bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tí kò ní ẹran.

"Ọgbọ́n wà lórí ẹni tó kọ èyí. 'Wíwá síbi iṣẹ́ déédéé.' Kò sóhun tí adájọ́ fẹ́ fi èyí ṣe. Ẹnu ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí ọ̀gá yín la ẹnu rẹ̀, kó sọ ọ́ pé nítorí pé obìnrin ni ọ́ lòun ò ṣe fi ọ́ sípò, kí etí méjì tàbí mẹ́ta sì gbọ́ ọ. Ṣé ó ti sọ ọ́ rí?"

"Rárá, sà. Ẹni tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ ni."

"Kò burú. Ẹni tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ náà máa ń bínú."

Lọ́yà Oríyọmí kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́. Èsì dé kíákíá. Wọ́n ní kò tíì di ọ̀ràn kọ́ọ̀tù, pé kí tọ̀túntòsì jókòó ní ọ́fíìsì mánéjà, kí Fàlílátù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tinú rẹ̀, àwọn náà yóò mú lọ́yà wá láti Èkó. Ṣùgbọ́n tí Fàlílátù kò bá yọjú lọ́jọ́ náà, àwọn yóò gbà pé kò lẹ́jọ́ mọ́, ìwé rẹ̀ yóò sì di títì pa. Wọ́n bi Lọ́yà Oríyọmí léèrè ọjọ́ tó wù ú. Lọ́yà Oríyọmí ní ọjọ́ yòówù tó bá wu ilé-iṣẹ́, kó ṣáà ti jẹ́ àwọn ni wọ́n mú un fúnra wọn, kí wọ́n sì bu ọwọ́ lù ú. Wọ́n mú ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bi ní Ìkòròdú, ìbáà ṣe ẹni tó ń ta káàdì fóònù lẹ́nu géètì wọn, ni ìbá sọ fún wọn pé lásìkò yẹn nínú ọdún, èèyàn kì í dájọ́ láìkọ́kọ́ béèrè ìséde. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìkéde ìséde jáde, Wẹ́sìdeè náà ló bọ́ sí.

Fàlílátù pe Lọ́yà Oríyọmí ní Ẹ̀pẹ́ lórí fóònù. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé kì í wá. Ibi ẹjọ́ àìwá yìí náà, kò ní í lè wá. Ó ní kí Lọ́yà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí ọjọ́ padà. Lọ́yà ní òun ti kọ̀wé, òun sì ti sọ ìdí rẹ̀, Ọ̀gá Mojúbàolú sì ti fèsì pé ilé-iṣẹ́ kì í yí ọjọ́ padà nítorí àṣà ìlú.

"Sà, mo ti pàdánù nìyẹn."

"Ìwọ jókòó sílé. Ọkùnrin ni mí, èmi á lọ."

Fóònù gé. Fàlílátù kò rí ìtùnú kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lóru ọjọ́ Túsìdeè, ó gbà á lọ́kàn pé òun yóò máa wọ búráùn títí òun yóò fi fẹ̀yìn tì.

Láàárọ̀ Wẹ́sìdeè, ọkọ rẹ̀ jáde lọ sí ibi tó ti ń la pákó. Fàlílátù àti Àlhájà ti ilẹ̀kùn, wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n jókòó. Ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí Industrial Estate ni ilé wọn wà. Lọ́jọ́ mìíràn, ariwo ọkọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Àlhájà ń ṣa ẹja sínú apẹ̀rẹ̀. Fàlílátù ń wo fọ́tò ara rẹ̀ lára ògiri.

Ni wọ́n bá gbọ́ ọkọ̀ kan tó sáré, tó dúró gìrì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan ń gbá ilẹ̀kùn.

"Àǹtí Fàlí. Àbúdù ni. Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn, obìnrin wà lọ́wọ́ mi."

Àbúdù ló ń wa ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wọn. Ẹnu ọ̀nà yìí ló ti ń gbé Fàlílátù láràárọ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń já a sí. Fàlílátù ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Àbúdù ti obìnrin kan wọlé, obìnrin tó wọ dúdú àti funfun, tó gbé báàgì ìwé ńlá, tí bàtà rẹ̀ kan sì ti bọ́ sínú ọkọ̀.

"Àwọn ọ̀dọ́ dá wa dúró níwájú," ni Àbúdù wí, ó ń mí gúlegúle. "Ilé mìíràn tí mo mọ̀ nítòsí ò sí. Mo sọ fún Ọ̀gá láàárọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ á fi sí ọ̀la. Ọ̀gá ní kí n lọ gbé lọ́yà wá, wọ́n ní lọ́yà kì í ṣe obìnrin ìlú yìí."

Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó lọ. Kò pẹ́ ni ohùn Orò gba òkèèrè wá. Àlejò fẹ́ sún mọ́ fèrèsé. Àlhájà kò gbé orí sókè kúrò nídìí ẹja.

"Jókòó, ọmọ mi."

"Tí mo bá wò ó ńkọ́, mà?"

"A kì í béèrè."

Ó jókòó. Bárísítà Jọláolúwa ni orúkọ rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé òun ni lọ́yà ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe korobá, pé òun ní ìjókòó pàtàkì kan tí òun gbọ́dọ̀ dé láàárọ̀ yìí, nípa obìnrin kan tí kì í wá síbi iṣẹ́. Fàlílátù gbé omi fún un. Ó gbé gààrí àti ẹja síwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú àbọ̀, mà. Èmi ni obìnrin náà."

Bárísítà wo Fàlílátù, ó wo fọ́tò ara ògiri, ó wo kóòtù búlúù inú fọ́tò. Kò sí ibi tó fẹ́ gbà jáde. Ó bu omi sí gààrí.

Fóònù rẹ̀ dún kó tó jẹ ẹ́ tán. Fóònù náà ti jábọ́ sómi ní oṣù tó kọjá, àfi tó bá tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta ni òun náà fi lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Yàrá kan ṣoṣo tó tún wà, ẹja ló kún inú rẹ̀, kò sì sí ìṣísẹ̀ kan níta tó lè gbé. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Bárísítà, níbo lẹ wà?" Ohùn Ọ̀gá Mojúbàolú kún gbogbo pálọ̀.

"Mo wà ní Ìkòròdú, sà. Mi ò lè jáde."

"Ta ló tì yín mọ́lé?"

"Kò sẹ́ni tó tì mí mọ́lé, sà. Ìséde ni."

"Lọ́yà wọn ti dé. Àgbàlagbà tó ti Ẹ̀pẹ́ wá. Ó jókòó síwájú mi, ó dijú, ó ń béèrè pé ṣé lọ́yà tèmi kì í wá síbi iṣẹ́ déédéé ni."

Àlhájà fi apá kan ìborùn bo ẹnu.

"Sà, ẹ jẹ́ ká yí ọjọ́ padà. Ẹ̀yin náà rí i pé kì í ṣe ẹ̀bi mi—"

"Ẹ̀bi yín ni. Ẹ̀bi mi ni pé mo tún gba obìnrin." Ọ̀gá Mojúbàolú tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ ti bínú. "Kí ni mo ti ń sọ látìbẹ̀rẹ̀? Nígbà tí wọ́n ní ká fi Fàlílátù ṣe súpáfáísọ̀, mo ní rárá, obìnrin ni, ó parí. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà lórí àga yìí, obìnrin kankan kò ní í ṣe súpáfáísọ̀ ní Ìkòròdú. Iṣẹ́ rẹ̀ dáa, kò dáa, kò kàn mí. Ẹ̀yin lẹ ní ká kọ ọ́ pé wíwá síbi iṣẹ́. Ẹ̀yin náà wá rèé, ẹ ò wá."

Àlhájà wúkọ́.

"Ta nìyẹn?"

"Onílé ni, sà."

"Ilé ta lẹ wà?"

Bárísítà Jọláolúwa kò mọ irọ́ tó lè pa tí yóò bá ibẹ̀ mu. "Ilé Fàlílátù ni, sà."

Ọ̀gá Mojúbàolú ní kó má ṣèyọnu mọ́, pé òun yóò wá ọkùnrin tí yóò ṣe é. Ó sì gé e.

Bárísítà gbé fóònù sórí orókún. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n kò sunkún. Fàlílátù mọ ohun tó ń ṣe é. Òun náà ti ká kóòtù sórí tábìlì ọkùnrin yẹn rí. Ó fẹ́ dunnú, inú rẹ̀ kò sì jẹ́ kó dunnú tán. Ó kàn fi omi kún omi àlejò.

"Ẹ gbọ́, mà," ni Bárísítà wí nígbà tó yá, ó ń wo ilẹ̀. "Oníbàárà mi ni. Ohun tó bá sọ fún mi, mi ò lè jáde sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òfin iṣẹ́ wa ni, kódà tó bá lé mi."

"A gbọ́, mà."

"Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kẹ́yin méjèèjì dití."

Àlhájà Ṣẹ̀rífátù ti apẹ̀rẹ̀ ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Etí mi dáa gan-an," ó ní.

Nígbà tí ìséde parí, tí àwọn obìnrin àdúgbò ń ṣí fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, Lọ́yà Oríyọmí sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó bá àwọn obìnrin mẹ́ta nínú pálọ̀, wọ́n ń jẹun nínú àwo kan náà. Ó kí wọn. Ó kí akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Èkó bí ẹni pé ó ti ń retí láti bá a níbẹ̀, bóyá ó sì ti ń retí rẹ̀ lóòótọ́. Títí dòní, ẹnikẹ́ni tó bá bi í bóyá ó mọ̀ pé ọjọ́ náà yóò bọ́ sí ìséde, ojú ló ń dì.

Ọ̀ràn náà kò dé kọ́ọ̀tù. Lọ́yà Oríyọmí kọ ohun tí Fàlílátù àti Àlhájà gbọ́ sílẹ̀, wọ́n búra sí i, wọ́n fi ṣọwọ́ sí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà ní Èkó. Wọ́n pe Ọ̀gá Mojúbàolú láti bi í bóyá ohùn rẹ̀ nìyẹn. Wọn ò sọ ohun tó fi fèsì fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn di ọjọ́ kan tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ti Ìkẹjà dé mọ́, tí mánéjà mìíràn sì pe Fàlílátù sí ọ́fíìsì, tó fún un ní ìwé ipò tí ọ̀rọ̀ adelé kò sí nínú rẹ̀.

Saheed bọ́ kóòtù fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já, lọ́fínńdà ọmọkùnrin sì ti kún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì dúró, ó ń họ orí.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Tó bá wá di ọjọ́ ìséde lọ́dún tó ń bọ̀, ta ló máa dúró sídìí iṣẹ́?"

Fàlílátù wọ kóòtù náà. Ó fa apá rẹ̀ wálẹ̀, ó sì bá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mu gẹ́lẹ́.

"Ìwọ ni," ó ní. "Kí lo rò pé mo tìtorí ẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́?"